Bíìmù Tí Wọ́n Kà Láti Ẹ̀gbẹ́ Géètì

Bí o bá gba ọ̀nà Ṣàgámù kúrò ní Abẹ́òkúta, kí o tó dé Kọ́bapẹ́ gan-an ni òórùn kan á ti pàdé rẹ: òórùn omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n sórí kọnkéré gbígbóná, tó dà pọ̀ mọ́ òórùn epo ẹ̀rọ àti eruku òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn máa ń di imú bí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá níbẹ̀. Èmi kì í dì í. Òórùn iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé mi ni. Nígbà mìíràn, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níwájú ilé wa ní Ìgbẹìn, tí òórùn náà sì gbéra, mo máa ń dúró sójú kan, n kò sì ní rántí ohun tí mo ń ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọ̀rọ̀ bàbá kan tí n kò ràn lọ́wọ́ nígbà tí gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu mi ì bá ti tó.

Mo ti kúrò nílé ìwé nígbà náà. Kíláàsì kejì girama ni mo wà nígbà tí ara ìyá mi kò yá, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àǹtí mi kan tó ń ta omi inú ọ̀rá fún àwọn awakọ̀ ní Kọ́bapẹ́ ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ náà. Ọgbà ńlá ni, wọ́n ń ṣe bíìmù níbẹ̀, àwọn kọnkéré gbọọrọ tí wọ́n fi ń ṣe afárá àti àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ọ̀pá irin pọ̀ bí àgò adìẹ, kí n sì máa wọ́n omi sórí kọnkéré láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà tètè gbẹ. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń po kọnkéré á ní, "Ìyàwó bíìmù, ṣé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún ọ ni, tó o fi ń ṣún un lò?" Èkejì á dá a lóhùn pé, "Fi í sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ tó bá la ẹnu, gbogbo wa la máa sá." Èmi á rẹ́rìn-ín, màá sì tẹrí ba mọ́ irin mi. Ojú ló máa ń tì mí, kì í ṣe ìgbéraga. Bí ènìyàn méjì bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn á tú ká.

Fóómáànù wa nìkan ni kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di oníkọnkéré, Ògún sì ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Wọn kì í fi pamọ́, wọn kì í sì í fi pariwo. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì wọn kò ní èékánná. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n yí wáyà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e. Àwọn náà ló kọ́ mi ní ìdí tí irin fi ń wọ inú bíìmù, ohun tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò rò pé ó kan ọmọbìnrin tó ń wọ́n omi.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lè yé ọ. Kí a tó da kọnkéré, a máa ń na wáyà líle gba inú àpótí irin gbọọrọ kọjá, jáàkì á sì fà á títí tí á fi máa dún bí o bá fi ìka ta á. Lẹ́yìn náà la ó da kọnkéré bò ó. Bí kọnkéré bá ti gan, a ó gé wáyà náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Wáyà á fẹ́ súnkì padà, kọnkéré tó ti dì í mú kò ní gbà fún un, ìjà tí wọ́n ń bá ara wọn jà nínú níbẹ̀ ló sì ń fún bíìmù mọ́ra, tí àárín rẹ̀ á fi yọ sókè díẹ̀ bí ẹ̀yìn ológbò tí wọ́n fọwọ́ pa. Agbára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá gbà pé agbára nìkan kò tó.

"Wáyà ló ń jẹ́ kó dúró," wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó sábẹ́ ibòòji táǹkì omi, "ṣùgbọ́n wáyà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù ú lọ, á dákẹ́, á dákẹ́, á wá ṣẹ́ lójijì. Tó o bá so ọ̀pá irin mọ́ ọn nísàlẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ̀, á sán wẹ́wẹ́ káàkiri. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ á rí i, á sá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀, bàbá?" mo bi wọ́n. Ó jọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi ẹnikẹ́ni nínú ọgbà náà nìyẹn.

Wọ́n mú ọ̀pá ẹ̀gẹ́ kan tó wà nílẹ̀, wọ́n gbé etí rẹ̀ méjèèjì lé orí orúnkún wọn méjèèjì, wọ́n tẹ àárín rẹ̀ wálẹ̀. Òkè rẹ̀ fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Alàájì tó ni ọgbà náà kò gbà pẹ̀lú wọn. Lójú tiwọn, wáyà tí jáàkì ti fà ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà tán, ìfiṣòfò ni irin tí bàbá ń béèrè. Àwọn méjèèjì ti jiyàn lórí rẹ̀ àìmọye ìgbà. Nígbẹ̀yìn, Alàájì mú ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan wá kí a lè fi ojú rí èyí tó jẹ́ òtítọ́. Ó ní kí a ṣe bíìmù mẹ́ta tó dọ́gba, kí wáyà inú wọn náà dọ́gba. Ìkíní kò ní ní ọ̀pá irin rárá, èkejì á ní méjì, ẹ̀kẹta á ní mẹ́rin. Tí wọ́n bá ti gan tán, a ó to búlọ́ọ̀kù lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa tẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, bàbá sì buwọ́ lù ú pé àwọn gba irin tí wọ́n máa lò.

Ní ọgbà wa, ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi la ti máa ń ka àpótí. Ibẹ̀ ni jáàkì wà, ibẹ̀ la sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré, nítorí náà èyí tó bá sún mọ́ táǹkì jù ni ìkíní. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, bí a ṣe bá a náà nìyẹn. Bàbá ní kí n gbé àgò tó ní ọ̀pá mẹ́rin sínú ẹ̀kẹta, kí n gbé èyí tó ní méjì sínú èkejì, kí n fi wáyà nìkan sílẹ̀ nínú ìkíní. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Wọ́n wá wò ó, wọ́n fọwọ́ kan ìdè mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "O ti mọ̀ ọ́n ṣe." Inú mi dùn débi pé n kò lè dúpẹ́. A da kọnkéré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a dán wọn wò, bàbá wà ní abúlé. Ìyàwó ọmọ wọn ti bímọ, wọ́n ń kó ọmọ náà jáde. Ọjọ́ yẹn ni ẹnjiníà dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Géètì ló gbà wọlé, láti ẹ̀gbẹ́ géètì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kọ ení sára bíìmù tó sún mọ́ géètì jù, ó kọ èjì sára ti àárín, ó kọ ẹ̀ta sára èyí tó wà lẹ́bàá táǹkì. Mo dúró pẹ̀lú garawa omi mi, mo ń wò ó. Èyí tó kọ ení sí lára ni mo gbé ọ̀pá mẹ́rin sí. Èyí tó kọ ẹ̀ta sí lára kò ní ju wáyà lọ nínú. Mo sún mọ́ ẹnjiníà náà. Mo ti tò ó sílẹ̀ lọ́kàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibí kọ́ la ti ń kà á." Ó gbójú sókè.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun," ó wí, ó sì padà sídìí ọ̀dà rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é láìnídìí. Mo tún sọ fún ara mi pé bàbá ń bọ̀ lọ́la, wọ́n á rí i fúnra wọn. Ohun tí á fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni mo ń wá, mo sì rí i. Èmi tó jẹ́ pé ọ̀la ni mo fi gbogbo rẹ̀ tì sí, n kò rò ó pé kírénì tí wọ́n fi ń gbé bíìmù máa tètè dé. Kí bàbá tó wọlé ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé bíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí gbangba lẹ́bàá géètì. Kò sí ẹni tó tún lè mọ èyí tó wà lẹ́bàá táǹkì tẹ́lẹ̀, àfi ọ̀dà pupa. Bàbá wo àmì ẹ̀ta, wọ́n mi orí pé ó dáa. Wọ́n mú oyin inú ìgò kékeré kan wá fún mi láti ibi ìkómọjáde, wọ́n ní, "Tìrẹ rèé. Ọmọ náà ń ké bí ẹ̀rọ pokọnkéré." Ní àkókò yẹn gan-an ni ọkọ̀ Alàájì wọlé, gbogbo ènìyàn sì dìde. Mo di ìgò náà mú, mo sì bá wọn dìde láìtíì sọ ọ́.

Alàájì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tí wọ́n kọ ẹ̀ta sí, èyí tí wọ́n rò pé ó ní ọ̀pá mẹ́rin, kí àwọn lè rí ohun tí fóómáànù fi ń yangàn. Wọ́n gbé etí rẹ̀ méjèèjì lé orí òkúta, wọ́n na okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnjiníà mú rúlà dání kó lè wọn bó ṣe ń tẹ̀, àwọn ọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù sí àárín rẹ̀. Wọ́n ń ṣàwàdà. Ẹni tó ń pè mí ní ìyàwó bíìmù ní, "Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, kó má ṣẹ́ lé wa lẹ́sẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kò ní ṣẹ́ láìkí yín."

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹrù náà, ó tẹ̀ díẹ̀ tí ojú lásán kò fi rí i, ó dákẹ́. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù kan sí i. Ìlà kan ṣoṣo là ní àárín ikùn rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí igi ńlá bá ya. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, bíìmù náà ti dá sí méjì, búlọ́ọ̀kù ti tú ká. Ọlọ́run ló yọ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Alàájì rìn lọ sídìí ojú ibi tó ti dá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́.

"Fóómáànù, wáyà nìkan ni mo ń rí. Irin mẹ́rin tí ẹ buwọ́ lù dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Alàájì. Mo rí i kí a tó da kọnkéré."

"Ẹ fi hàn mí."

Bàbá kúnlẹ̀ nínú eruku, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ojú kọnkéré náà bí ẹni tó ń wá eyín nínú ẹnu ọmọ ọwọ́. Wọ́n tọ apá kan, wọ́n tọ apá kejì. Nígbà tí wọ́n dìde, ojú wọn ti yàtọ̀.

"Ilé ta ni irin yẹn wà báyìí?" Alàájì béèrè. "Abájọ tí ẹ fi ń béèrè irin ṣáá."

Ẹnjiníà ń wo ìwé rẹ̀. Bàbá wo ilẹ̀ yíká, wọ́n mú ọ̀pá irin kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ mi, wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n fi ahọ́n kàn án. Wọ́n ní, "Bí mo bá mú ọ̀pá irin kan jáde nínú ọgbà yìí láìtọ́, kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí n délé." Àwọn ọkùnrin sún sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, èmi náà ọmọ Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí àgbàlagbà fi ahọ́n kan irin. Alàájì ní, "A kì í ṣe irú ìyẹn níbí. Ẹ máa lọ sílé."

Bàbá gbé irin náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n wo ojú wa, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bí ẹni ń wá nǹkan. Nígbà tí ó kàn mí, mo wolẹ̀. Wọ́n bọ́ akoto orí wọn, wọ́n gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n jáde sí títì, ọ̀kadà sì gbé wọn lọ sí apá Abẹ́òkúta. Gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, mo mọ̀. Mo mọ̀ ju Alàájì lọ, mo mọ̀ ju ẹnjiníà lọ, mo tilẹ̀ mọ̀ ju bàbá fúnra wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní àná, bí mo bá sọ̀rọ̀, àtúnṣe lásán ni ì bá jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti di pé kí n jẹ́wọ́ pé mo ti mọ̀ láti àná. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá ń mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i, títí tí n kò fi lè gbé e mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnjiníà ní kí a parí èyí tí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé bíìmù tó kọ ení sí lára lé orí òkúta, èyí tí gbogbo wọn gbà pé kò ní irin. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù dé iye tó ṣẹ́ ti àná, kò ṣẹ́. Ó tẹ̀. Wọ́n fi kún un, ó tún tẹ̀ sí i, ìlà wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ikùn rẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí tí wọ́n fi pọ̀ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu ya àwọn ọkùnrin, wọ́n sún sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Àárín rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé ojú lásán ń rí i, síbẹ̀ kò dá. Ẹnjiníà lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wo àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Irin wà nínú eléyìí." Ó ní kí wọ́n kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀, kí wọ́n mú òòlù wá. Wọ́n fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yọjú pẹ̀lú ìdè mi lára wọn, wáyà tí mo yí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló gbé irin sínú àpótí?" ó béèrè.

"Èmi ni," mo wí. Ohùn mi kò ju ti ẹyẹ lọ. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ka àpótí láti ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ó gbọ́ mi tán, ó wo apá géètì, ó wo apá táǹkì, ó fọwọ́ bo ojú.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Nígbà tí ẹ ń fi ọ̀dà kọ ọ́, sà."

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó ní, "Èmi náà ni kò béèrè," ó sì lọ pe Alàájì.

Alàájì kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n rán ọkọ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá lọ́jọ́ náà, wọ́n rán ẹni tó lè bẹ àgbà. Ọkọ̀ náà padà lófìfo. Bàbá ní àwọn ti gbọ́ pé wọ́n ṣì í kà ni, àwọn kò bínú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹnu kan irin níwájú àwọn ènìyàn, tí wọ́n ṣì ní kó máa lọ sílé, kò lè tún wá máa pàṣẹ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń fi ọ̀pá irin sí ìsàlẹ̀ gbogbo bíìmù. Ohun tí bàbá ń jà fún ti ṣẹ, wọn kò sì sí níbẹ̀ láti rí i.

Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó lè lọ bẹ̀ wọ́n. Mo bá wọn nídìí ebè iṣu, ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ oko, wọ́n ní kí n dìde kí erùpẹ̀ má ba aṣọ mi jẹ́, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi. N kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ọ̀dà pupa títí dé òòlù. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù tí mo ti sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ bàtà wọn.

"Ọ̀rọ̀ kíkà yẹn, mo ti gbọ́ ọ," wọ́n wí. "Èèyàn lè ṣì í kà. Èmi náà rí àmì yẹn, n kò béèrè ibi tí wọ́n ti kà á. Ọjọ́ tí mo wo ojú yín, ṣé o rántí?"

"Mo rántí, bàbá."

"Mo ń wá ẹnì kan ṣoṣo tó gbà mí gbọ́. Mo ní tí gbogbo wọn bá sọ pé mo jalè, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí kò ní gbà. Mo wò ọ́, o wolẹ̀." Wọ́n gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. "Mo ní, ó parí. Ìwọ náà gbà pé olè ni mí."

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Ojú ló tì mí." Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ báyìí. Wọ́n dárí jì mí, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi kí n tó lọ, wọ́n ní kí n kí ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé oṣù méjì ni wọ́n fi gbé e kiri nínú ọkàn wọn pé mo kà wọ́n sí olè, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gba oṣù méjì yẹn padà fún wọn.

Mo ṣì ń so irin, ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé káàkiri Abẹ́òkúta. N kò tíì di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì rò pé màá dà á. Títí di ọjọ́ tí mo lọ sí oko bàbá, mo gbà pé tèmi nìkan ni ìtìjú mi, pé èmi nìkan ló ń jẹ níyà. N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn lè dúró níwájú mi, kó wo ojú tí mo gbé sílẹ̀, kó sì kà á sí ẹ̀rí tí mo jẹ́ lòdì sí i.